Rìsífà Tó Kọ̀ Tí Kò Tàn: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe Fúnra Yín

Rìsífà tókunbọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń so sípíkà àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ kí ohùn lè ròkè, kò lo ìṣẹ́jú kan nínú ilé mi l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Mo ki pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dún pàù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn jíjó sì gba gbogbo pálọ̀. Ìgbà tí mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà ni mo tó rí i pé 120V ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná tiwa sì jẹ́ 230V. Ó ṣì ṣeé tún ṣe nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo gbé e lọ bá yọ fíúsì tó ti já, ó fi ẹyọ wáyà kan dí ojú rẹ̀, ó sì tún fún un níná. Gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ jó lójú èmi àti òun. Ó dùn mí dọ́kàn, torí mo ti ń tọ́jú owó rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé màá mọ inú ẹ̀rọ yìí fúnra mi.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin bí ẹ ti ń kà á lọ: rìsífà tó bá ti ní àrùn, ẹ má ṣe máa fún un ní iná tààrà léraléra títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Àrùn àkọ́kọ́ kì í sábà pa á. Títàn tí à ń tàn án léraléra, tí à ń sọ pé “bóyá á gbà lẹ́ẹ̀kan yìí”, ló máa ń sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe mọ́.

Òṣogbo yìí ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí iná tó ń gba orí wáyà ńláńlá kọjá káàkiri Nàìjíríà. Síbẹ̀, iná tó ń dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa kì í dúró sójú kan. Ó lè lọ sílẹ̀ lálẹ́ débi pé gílóòbù á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kó sì dé lówùúrọ̀ pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí epo rẹ̀ bá fẹ́ tán. Nítorí náà, ibi tí iná ń gbà wọ inú rìsífà ni mo máa ń fura sí ṣáájú ibi yòówù.

Kí ẹ tó mú sukudiráfà

Ẹ yọ gbogbo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀: ti sípíkà, ti tẹlifíṣọ̀n, ti díkódà, ti eriali rédíò. Ẹ fi rìsífà nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé. Bó bá jẹ́ 230V tàbí 240V, 50Hz, ó bá iná wa mu. Irú èyí ló máa ń ti Ìlú Ọba wá. Bó bá jẹ́ 120V, 60Hz, ti Amẹ́ríkà ni, bó bá sì jẹ́ 100V, ti Japan ni. Àwọn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ gba inú sítẹ́ẹ̀pù-dáùn (ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì iná kù) kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ti Japan sì nílò èyí tó ń fúnni ní 100V gan-an. Kí agbára sítẹ́ẹ̀pù-dáùn yín fi ìlọ́po méjì ju iye wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rìsífà lọ. Bí wọ́n bá kọ 400W, ẹ má ra èyí tó kéré sí 1000W. Ti 500W á máa gbóná, kò sì ní pẹ́ lọ.

Nígbà tí wáyà gbogbo ti kúrò, ẹ fi rìsífà sílẹ̀ láìfún un níná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tún tàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá tàn tó sì dúró, ó jọ pé rìsífà yín kò ní nǹkan kan; ara sípíkà tàbí wáyà ni àìsàn wà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: irun wáyà kan ṣoṣo, tó tín-ín-rín bí òwú, ló yọ́ jáde lẹ́nu ihò pupa tó lọ kan ihò dúdú. Ìyẹn nìkan tó fún rìsífà láti máa pa ara rẹ̀. Ẹ gé orí wáyà sípíkà náà, ẹ lọ́ ọ papọ̀ dáadáa, ẹ ki í padà kí irun kankan má yọ síta.

Sípíkà pàápàá ṣeé yẹ̀ wò láìlo rìsífà. Ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5V kan orí wáyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ́, ó gbọ́dọ̀ dún “tọ́”. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n náà ní ojú Ω (ohm, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà): sípíkà 8Ω máa ń fi 6 sí 7 hàn, ti 4Ω á fi nǹkan bíi 3 hàn. Bí mítà bá fi òdo hàn, kọ́ìlì inú rẹ̀ ti jó pọ̀. Ẹ gbé sípíkà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kó sọ ibi tó ń dùn ún

Nígbà tí rìsífà bá tàn, tí iná pupa ń ṣẹ́jú, tó sì pa ara rẹ̀, àwọn èèyàn á ní ó ti bàjẹ́. Sípíkà yín àti ilé yín ló ń dáàbò bò. Ó ti rí ohun kan tí kò yé e nínú ara rẹ̀, ó sì kọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn. Àkókò tó fi ń pa ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́.

Bó bá pa láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí mẹ́ta, tí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ kí relay (súìṣì inú rẹ̀ tó ń so sípíkà mọ́ ọn) dún “tà”, àfàìmọ̀ ni tiransísítọ̀ ńlá kan (páàtì tó ń fún sípíkà lágbára) kò ti jó pọ̀, tàbí kí iná DC, irú ti bátìrì, máa yọ lẹ́nu ibi sípíkà. Bó bá ń kọrin dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú kó tó pa, ooru ni: eruku ti dí i, fáànù rẹ̀ ti kú, tàbí ẹ ti gbé díkódà lé e lórí. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá gbé ohùn sókè nìkan ló ń pa, sípíkà tó kéré ní Ω ju èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn rìsífà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tí kò sì fi àmì ìyè kankan hàn, kódà iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ kò tàn, fíúsì tàbí apá standby (ibi tó ń fún un ní iná díẹ̀ kó tó tàn gan-an) ni ẹ ó lọ.

Ṣíṣí i

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: mítà tó ní ojú ìwọ̀n diode, sukudiráfà elórí ìràwọ̀, irin ìjólẹ́ẹ̀dì 40W tàbí 60W, lẹ́ẹ̀dì 60/40 tí wọ́n ń yọ́ láti fi so páàtì mọ́ bọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n fi ń fa lẹ́ẹ̀dì yíyọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí kò tíì kan ọ̀dà rí, ọtí isopropyl, resistor (páàtì tó ń dí iná lọ́nà) 2.2kΩ tó jẹ́ 5W, àti gílóòbù àtijọ́ 100W tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Fóònù yín ni ẹ ó fi ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà ti wọlé kí ẹ tó yọ ọ̀kankan. Ẹ yà á ju bí ẹ ti rò pé ó tó lọ.

Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kúrò lójú iná. Kí ẹ pa súìṣì nìkan kò tó. Tí ẹ bá ti ṣí orí rẹ̀, ẹ ó rí kàpásítọ̀ ńlá méjì tó dà bí agolo mílíìkì, wọ́n á kọ nǹkan bíi 10,000µF, 63V sára wọn. Àwọn wọ̀nyí ń pa iná mọ́ sínú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì, tí ẹ bá sì fọwọ́ kan ẹnu kàpásítọ̀ méjèèjì pọ̀, ó lè lé ní 100V. Ẹ má fi sukudiráfà kan ẹnu wọn pọ̀ o. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, iná á ta pàrà, gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń ba kàpásítọ̀ jẹ́, ó sì lè fọ́ lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ sí yín lójú. Resistor 2.2kΩ yẹn ni kẹ́ ẹ fi kan ẹnu kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ fi ohun tí kò gbé iná dì í mú, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n títí yóò fi wá sábẹ́ 1V. Ọwọ́ kan ni mo máa ń lò. Èkejì á wà lẹ́yìn mi. Ibi tí iná Nẹ́pà ti wọlé gan-an léwu jù: nínú àwọn rìsífà tí apá standby wọn jẹ́ irú tó ń lo iná láìgba inú tiransifọ́mà ńlá, kàpásítọ̀ ibẹ̀ lè ní nǹkan bíi 325V nínú. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sún mọ́ ọn, bí kò bá sì dá yín lójú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹ wá lo ojú àti imú. Ẹ fi iná fóònù tàn án. Ní àdúgbò bíi Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó sún mọ́ odò, ọ̀rinrin máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn páàtì dípẹtà. Nígbà ọyẹ́, eruku á dí gbogbo ihò atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí mo bá pàdé jù ni aáyán. Ibẹ̀ gbóná, ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó wù wọ́n láti pamọ sí, ìgbẹ́ wọn sì ń jẹ bọ́ọ̀dù ó sì ń gbé iná láti ẹsẹ̀ páàtì kan dé òmíràn. Ọmọ́nlé náà ń wọ ibẹ̀. Mo ti bá ọ̀kan tó gbẹ sórí ẹnu iná méjì, òun ló sì já fíúsì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo rẹ̀, ẹ fi ọtí isopropyl fọ ibi tó dọ̀tí, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan. Ẹ wo orí kàpásítọ̀ kéékèèké bóyá ó ti wú, ẹ wo ibi tí bọ́ọ̀dù ti dúdú, ẹ sì wo ìdí lẹ́ẹ̀dì lábẹ́ àwọn páàtì tó ń gbóná bóyá ó ti là yípo bí òrùka. Lẹ́ẹ̀dì tó là báyìí, kí ẹ yọ́ ọ pẹ̀lú díẹ̀ tuntun ni. Mo ti jí rìsífà méjì dìde pẹ̀lú èyí nìkan.

Fíúsì àti standby

Fíúsì máa ń sọ̀rọ̀. Bí gíláàsì rẹ̀ bá mọ́ tí wáyà inú rẹ̀ kàn já, ẹrù ló pọ̀ jù fún un díẹ̀díẹ̀. Bí gíláàsì bá dúdú tàbí tó ń dán bí dígí ìwojú, nǹkan kan ti jó pọ̀ nínú ẹ̀rọ, fíúsì tuntun á sì já bákan náà tí ẹ kò bá wá a rí. Iye áḿpù tí wọ́n kọ sí i àti sára bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi wáyà dí i, ẹ má fi bébà siga dí i, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Rìsífà 120V tí wọ́n ti fi sí 230V, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fíúsì rẹ̀ bóyá páàtì pẹlẹbẹ kan wà tó rí roboto bí owó kọ́bọ̀. Varistor ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kú dípò àwọn yòókù. Bó bá ti fọ́ tàbí tó dúdú, ẹ pààrọ̀ òun àti fíúsì, inú yín lè dùn lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí varistor, ẹ fi mítà wọn tiransifọ́mà kékeré standby níbi tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀: ó yẹ kó fi iye Ω kan hàn. Bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn rárá, ó ti já nínú, ẹ wá irú rẹ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ tiransifọ́mà ńlá ló jó, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ dúró níbẹ̀. Owó rẹ̀ á sún mọ́ ti rìsífà mìíràn, ẹ tọ́jú àwọn páàtì tó kù.

Àwọn tiransísítọ̀ ńlá

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ẹ má kánjú. Lára irin oníyẹ́ẹ́ tó ń gbé ooru jáde, ẹ ó rí àwọn tiransísítọ̀ ńlá tí wọ́n tò ní méjì-méjì. Rìsífà oníkànnì 5 (ìkànnì kan fún sípíkà kọ̀ọ̀kan) sábà máa ń ní mẹ́wàá, ti ìkànnì 7 mẹ́rìnlá. Ẹ gbé mítà sí ojú diode, ẹ wọn ẹsẹ̀ àárín àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì yí ọwọ́ mítà padà kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ kò nílò àwòrán ilé iṣẹ́ kí ẹ tó rí ẹlẹ́ṣẹ̀: ìkànnì mẹ́rin á fọhùn bákan náà, ọ̀kan á yàtọ̀. Èyí tó ń fi 0 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn hàn lọ́nà méjèèjì ti jó pọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n kó lè dá yín lójú, torí páàtì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè tan mítà jẹ.

Ẹ má pààrọ̀ òun nìkan. Nígbà tí tiransísítọ̀ ńlá bá jó, ó sábà máa ń fà àwọn mìíràn lọ́wọ́: ẹnì kejì rẹ̀, tiransísítọ̀ kékeré tó ń darí àwọn méjèèjì, àti resistor funfun onígun mẹ́rin tí wọ́n kọ 0.22Ω sí. Ẹ wọn gbogbo wọn. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Àwọn tó wọ́pọ̀ bíi 2SC5200 àti 2SA1943 wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára tiyín gan-an, torí ọ̀pọ̀ rìsífà ló ń lo irú mìíràn. Èyí tí a kò bá rí l'Óṣogbo, à máa ń ránṣẹ́ sí Alaba l'Ékòó.

Ayédèrú pọ̀ níta gan-an. Mo fọ́ ọ̀kan tó kú sí mi lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ègé tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò tó hóró ọkà bàbà, nígbà tí ti ojúlówó fẹ̀ dáadáa. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ṣé á gbà á padà. Ẹni tó bá ní ojúlówó kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fọ òróró funfun àtijọ́ kúrò lára irin, ẹ fi tuntun tín-ín-rín sí i, ẹ má gbàgbé bébà míkà tó wà láàárín tiransísítọ̀ àti irin. Tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ fi mítà wò ó láàárín ẹsẹ̀ àárín àti irin náà. Kò gbọdọ̀ dún. Bó bá dún, ẹ má fún un níná, míkà ti ya tàbí kò bo ibẹ̀ tán.

Gílóòbù tó ń ṣọ́nà

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gílóòbù yìí sì ni ẹ̀sọ̀ náà. Ẹ ra họ́dà gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, pọ́lọ́ọ̀gì kan. Wáyà láífù (èyí tó ń gbé iná wọlé) láti pọ́lọ́ọ̀gì á kọ́kọ́ wọ apá kan họ́dà gílóòbù, apá kejì họ́dà á wá lọ sí láífù sọ́kẹ́ẹ̀tì. Níútírà (wáyà tó ń dá iná padà) á lọ tààrà. Ẹ bo gbogbo ibi tí ẹ ti so wáyà dáadáa. Báyìí, iná yòówù tó bá fẹ́ wọ inú rìsífà gbọ́dọ̀ gba inú gílóòbù kọjá, gílóòbù kò sì ní jẹ́ kí èyí tó lè jó o kọjá. Bí rìsífà yín bá jẹ́ ti 120V, gílóòbù ni kó ṣáájú, kí sítẹ́ẹ̀pù-dáùn tẹ̀ lé e.

Gílóòbù LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tó ń gbóná, tó ní irun wáyà nínú, ni mo ń sọ. Bó bá ṣòro láti rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sin adìyẹ. Òun ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń mú kí ara ọmọ adìyẹ móoru.

Ẹ ki rìsífà bọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì yín yìí láìso sípíkà kankan mọ́ ọn. Gílóòbù á tàn yòò fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kàpásítọ̀ ló ń kún, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ di rẹ́súrẹ́sú. Ẹ mí kanlẹ̀. Bó bá tàn yòò tí kò rọlẹ̀, nǹkan kan ṣì jó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ mítà. Bó bá sì ṣókùnkùn pátápátá tí rìsífà kò sì fi àmì kankan hàn, iná kò ráyè wọlé rárá: fíúsì, súìṣì tàbí tiransifọ́mà ni. Ó ṣeé ṣe kí rìsífà tó dára máa tàn kó máa pa lórí gílóòbù torí iná kò tó o. Ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ohun tí gílóòbù sọ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Lẹ́yìn èyí nìkan ni iná tààrà yá. Ṣùgbọ́n kí sípíkà tó dé ibẹ̀, ẹ gbé mítà sí ìwọ̀n iná DC tó kéré, ẹ fi kan ẹnu ibi sípíkà ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Láti 0 dé 50mV (mV jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì) dára. Ohun tó bá lé ní 100mV ṣì ní àìsàn, tó bá sì tó fóòtì mélòó kan, á jó sípíkà yín. Ẹ ó rí bọ́tìnì kékeré tí wọ́n fi ń yí bias (iná díẹ̀ tó máa ń gba inú tiransísítọ̀ kọjá kó tó kọrin) nítòsí tiransísítọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án bí ẹ kò bá ní ìwé ìtọ́jú rìsífà yẹn gan-an. Ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀ síra, ìyípo díẹ̀ sì lè jó tiransísítọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Àwọn àrùn kéékèèké

Ìkànnì kan tí kì í dún àfi tí ẹ bá gbé ohùn sókè gan-an kó tó jí lójijì, relay ni. Ẹnu rẹ̀ ti dúdú. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n kọ fóòtì kan náà sí, 12V tàbí 24V, torí fífọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ lọ títí. Ohùn tó ń há tàbí tó ń fò nígbà tí ẹ bá ń yí bọ́tìnì ohùn, omi ìfọ̀ páàtì tí wọ́n ń fọ́n ló máa ń wò ó sàn.

Bí rédíò bá ń dún nínú rìsífà, tí ohun tó ń gba HDMI wọlé nìkan sì dákẹ́, bọ́ọ̀dù HDMI ni. Ẹsẹ̀ àwọn páàtì ibẹ̀ kéré ju ohun tí irin ìjólẹ́ẹ̀dì ilé lè bá jà. Ẹ fi wáyà optical (èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) tàbí ti pupa òun funfun so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, ẹ máa gbádùn yín lọ. Ní àsìkò òjò, ẹ máa yọ pọ́lọ́ọ̀gì àti wáyà díkódà tí mànàmáná bá ti bẹ̀rẹ̀, torí ó lè gba ojú díìṣì wọlé.

Kí ẹ tó dé e padà, ẹ so sípíkà kan tó ti gbó, tí kò ní dùn yín bó bá jó, mọ́ ìkànnì tí ẹ tún ṣe. Ẹ jẹ́ kó kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí kan. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ fọwọ́ kan irin ooru: ó lè lọ́wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ ta yín lọ́wọ́. Ẹ so àwọn sípíkà yòókù, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ dé e padà, kí ẹ fi àyè ìwọ̀n ọwọ́ kan sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún atẹ́gùn. Bó bá sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ mú máákà, ẹ kọ 120V gàdàgbà sára pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹlòmíràn nínú ilé má baà ki í bọ ojú iná Nẹ́pà tààrà lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí nílé.